Òórùn kọ́ ló ń pa aáyán: àyẹ̀wò oògùn àti iṣẹ́ apakòkòrò fún ilé-ìwé ní Iléṣà

Òórùn ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń rà lọ́wọ́ afínoògùn. Wọ́n á fín gbogbo kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tó bá di àárọ̀ Ajé òórùn á ṣì máa ta síni nímú, ọ̀gá ilé-ìwé á ní iṣẹ́ náà múná dóko. Kò ní pẹ́ tí aáyán á tún máa ṣeré nínú sítọ́ọ̀ oúnjẹ, èkúté ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò nínú àjà. Owó ti lọ, àwọn ọmọ ló mí oògùn sínú.

Irú àwọn ohun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí ní Iléṣà la yẹ̀ wò, láti ìsọ̀ ọjà Atákúnmọ́sà dé ṣọ́ọ̀bù àwọn olóògùn kòkó, títí kan Ifẹ̀ tó múlé tì wá. A kò dárúkọ ìsọ̀ kankan. Èròjà inú ike la wò, torí orúkọ ìpolówó lè jẹ́ mẹ́wàá kí èròjà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Máàkì tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ilé-ìwé nìkan: oògùn tó gba òdo níbí lè wúlò lóko.

Ilé-ìwé yàtọ̀ sí oko àti sí ilé àgbà. Ọmọdé ń mí afẹ́fẹ́ ju àgbàlagbà lọ bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ọwọ́ tí wọ́n fi kan ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀pà nígbà ìsinmi. Oògùn tí a bá fín sórí tábìlì wọn á dé ẹnu wọn.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ilé-ìwé

Dichlorvos ló kọ́kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní DDVP tàbí Sniper. Ọ̀tápíápíá inú ìgò kékeré, òun náà ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ kẹrosíìnì. Ní 2019 NAFDAC fòfin de ike rẹ̀ tí kò ju mílílítà 100 lọ, wọ́n sì ní kí súpámákẹ́ẹ̀tì àti ọjà gbangba má tà á mọ́, kó kù sọ́wọ́ àwọn tó gbàṣẹ láti ta oògùn oko. Síbẹ̀ ó ń wọ kíláàsì, nítorí pé ojú ẹni ló ti ń pa kòkòrò. Kíá ló ń di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà á dí èròjà kan tó ń jẹ́ cholinesterase, èyí tó ń jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. Iṣan aáyán á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi kú. Èròjà kan náà wà lára ènìyàn. Ọmọ tó bá mí i sínú púpọ̀ tàbí tó gbé e mì á máa da itọ́, á làágùn, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, èémí á wá nira. Láti 1991 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Èyí tó yẹ kó dun ẹni tó sanwó ni pé kì í pẹ́ lórí ògiri: agbára rẹ̀ tètè ń tán, ẹyin aáyán á ṣì wà lódidi nínú àpò rẹ̀. Òdo nínú 10.

Bí ọmọ bá ti gbé oògùn náà mì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, pàápàá tí oògùn náà bá ní kẹrosíìnì, torí inú ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì ń gbà lọ nígbà tí ọmọ bá ń bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn kàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí OAUTHC ní Ifẹ̀. Ẹ mú ike oògùn dání. Atropine ni dókítà fi ń wo májèlé dichlorvos. Fítámì K ni ti májèlé eku tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ike kò bá sí, àkókò tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú ọmọ ni wọ́n á fi máa wádìí ohun tó gbé mì.

Ìlú kòkó ni wá, torí náà ẹ jẹ́ ká fi Gammalin 20 kún un. Lindane ni. Àdéhùn Stockholm ti fi í sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì láti 2009, ṣùgbọ́n ike àtijọ́ ṣì lè wà ní àjà bàbá ẹnì kan. Kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tún ilé-ìwé ṣe.

Fọ́sítọ́síìnì ńkọ́, wóró tí àwọn oníṣòwò àgbàdo àti ẹ̀wà ń lò? Wóró kan tó wọn gíráàmù 3 máa ń tú gíráàmù 1 afẹ́fẹ́ phosphine jáde tí ọ̀rinrin bá ti kàn án. Afẹ́fẹ́ yẹn ń gba inú àjà àti abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti yàrá dé yàrá, kò sì sí oògùn kan pàtó tó ń pa iná rẹ̀ lára ènìyàn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi pa ìdun ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ sìn ín dé ẹnu géètì.

Ṣọ́ọ̀kì aáyán: cypermethrin tàbí deltamethrin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nílé tí ọmọ kò sí, a lè jiyàn lórí rẹ̀. Nínú ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀kì funfun ni ṣọ́ọ̀kì funfun lójú ọmọ Primary 1. Òdo.

Káńfọ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé àti ilé ìgbẹ́, naphthalene ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn, àìtó yìí sì wọ́pọ̀ láàrin wa, pàápàá lára ọkùnrin. Kì í pa aáyán tàbí eku nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ọmọ kékeré tó bá rí i lè pè é ní súìtì. Òdo.

Jẹ́ẹ̀lì aáyán: 9 nínú 10

Èyí ló yẹ kí ilé-ìwé kọ́kọ́ náwó lé lórí. Inú sírínjì ló ń wà, láti gíráàmù 10 dé 35. Èròjà rẹ̀ lè jẹ́ fipronil, imidacloprid tàbí indoxacarb, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré púpọ̀: 0.05% ló wọ́pọ̀ fún fipronil, ti imidacloprid lè tó 2.15%. Ìyókù jẹ́ oúnjẹ tí aáyán fẹ́ràn. Aáyán á jẹ ẹ́, kò ní kú lójú kan náà, á rìn padà sí ihò rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Àwọn kéékèèké tí kì í jáde á jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ àti òkú rẹ̀, àwọn náà á kú. Kò sí ìfínoògùn tó lè bá wọn dé ibẹ̀. Kò ní òórùn, kò fò nínú afẹ́fẹ́, a kò sì ní láti lé ọmọ kankan jáde kúrò ní kíláàsì kí a tó lò ó.

Ẹ̀kán kan kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 0.1 lọ, ìyẹn bí hóró ìrẹsì kan. Àwọn tó ń fà á gbọọrọ bí ọṣẹ ìfọyín lórí búrọ́ọ̀ṣì ń fi owó ṣòfò ni, torí aáyán kò lè jẹ ẹ́ tán kó tó gbẹ. Ẹ̀kán kan tó fún mítà onígun kan níbi tí aáyán kò bá pọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kún, méjì sí mẹ́ta. Ilé ìdáná tó gùn ní mítà 6 tó sì fẹ̀ ní mítà 4 jẹ́ mítà onígun 24: ẹ̀kán 48 tó ó, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì tó gíráàmù 5. Sírínjì gíráàmù 30 kan á ṣe ilé ìdáná, sítọ́ọ̀ àti yàrá olùkọ́, á sì tún ṣẹ́kù fún ìpadàbọ̀.

Ibi tí a fi sí ló ṣe pàtàkì jù. Míńjìsì ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn fíríìjì lẹ́bàá mọ́tò rẹ̀, abẹ́ síńkì níbi tí páìpù ti wọ ògiri, abẹ́ etí tábìlì ìdáná, ẹ̀yìn pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. A kì í fi sí gbangba ilẹ̀, a kì í fi sí ara ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Aáyán kékeré pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń gbé ilé ìdáná kì í rìn jìnnà síbi tó ń sùn, nítorí náà ẹ̀kán kéékèèké lójú ibi púpọ̀ dára ju ẹ̀kán ńlá méjì mẹ́ta lọ. Aáyán ńlá tó ń fò, inú sòkòwéè àti gọ́tà ló ti ń wá. Jẹ́ẹ̀lì nìkan kò ká tirẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ihò ìṣàn omi, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì lẹ etí ìdérí sòkòwéè.

Kí ló ń bà á jẹ́? Ìfínoògùn ni àkọ́kọ́. Cypermethrin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lé aáyán sẹ́yìn; bí ẹnì kan bá fín in sórí jẹ́ẹ̀lì tàbí sẹ́bàá rẹ̀, aáyán kò ní fẹnu kàn án mọ́. Bí wọ́n bá ti fín oògùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ nu ojú ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kán jẹ́ẹ̀lì. Ìkejì ni ọ̀rá. Sítóòfù tí epo ti dì mọ́ lára, garawa ìdọ̀tí tó ṣí sílẹ̀ mọ́jú, àpò gàrí tó ya: gbogbo wọn ń bá jẹ́ẹ̀lì du ẹnu aáyán, wọ́n sì máa ń borí. Omi ni ìkẹta. Aáyán lè fara da ebi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ju bó ṣe lè fara da òùngbẹ lọ, torí náà tápù tó ń kán tó-tó-tó lóru ń bọ́ wọn. Wọ́ṣà tuntun kò wọ́n. Ìkẹrin ni ooru àti eruku: jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kán sẹ́bàá iná á gbẹ kíákíá, ti ọgbẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́ á kún fún erùpẹ̀.

Ẹyin náà wà ńbẹ̀. Àpò ẹyin kan lára aáyán kékeré yẹn ń ní ẹyin 30 sí 40, ìyá wọn á sì máa gbé e kiri fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tó fi máa kù díẹ̀ kí wọ́n pa. Oògùn kì í wọ inú àpò náà. Ẹni tó bá kán jẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan tó lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yóò bá jẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fi tuntun rọ́pò èyí tí wọ́n ti jẹ tàbí èyí tó ti le. Kí èròjà má sì jẹ́ ọ̀kan náà lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, ìran aáyán kan ti wà tó kọ ṣúgà glucose tí wọ́n fi ń dùn ún, tó fi jẹ́ pé oúnjẹ inú jẹ́ẹ̀lì gan-an ni wọ́n sá fún.

Máàkì kan tó kù, ayédèrú ló gbà á. Sírínjì tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò kọ èròjà àti ìdá rẹ̀, tí gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ jẹ́ àwòrán aáyán àti èdè tí ẹnikẹ́ni níbí kò gbọ́, ẹ dá a padà. Èyí tí omi bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí oògùn tó tẹ̀ lé e ti gbó.

Boric acid gba 6. Ẹ̀tù funfun ni, kì í tètè bàjẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ́ níbi tó bá gbẹ. Àṣìlò rẹ̀ ni pé wọ́n ń dà á ní òkìtì. Aáyán á yí òkìtì ká, á lọ. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, inú ihò ògiri àti abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí a kàn mọ́lẹ̀ nìkan sì ni. Ibi tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, rárá, torí májèlé ni bí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Páálí gọ́ọ̀mù kékeré fún aáyán kì í pa wọ́n tán, ẹ má rà á fún ìyẹn. Ojú ni. Ẹ tẹ́ mẹ́fà sí ilé ìdáná fún òru méjì, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá kà wọ́n. Èyí tó bá kún jù, ihò wọn kò jìnnà sí i. Ẹ tún tẹ́ mẹ́fà síbi kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ kán jẹ́ẹ̀lì: ìyàtọ̀ tó bá wà láàrin méjèèjì ni iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún. Láìsí páálí, ọ̀rọ̀ ẹnu afínoògùn nìkan lẹ ní. 8 nínú 10.

Èkúté

Bí ògiri ò bá lanu, aláńgbá ò lè wọ̀ ọ́. Èkúté kékeré ní tirẹ̀ kò nílò ju ihò mìlímítà 6 lọ, eku ńlá ń gba ti mìlímítà 12. Ẹ fi pẹ́ńsù dán an wò: abẹ́ ilẹ̀kùn tí pẹ́ńsù bá wọ̀, èkúté á wọ̀ ọ́. Nítorí náà ohun tó gba máàkì jù nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí kì í ṣe oògùn rárá. Rọ́bà tàbí irin pẹlẹbẹ abẹ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ lórí búlọ́ọ̀kù onihò, àti wáyà ìfọkòkò tí a kì sínú ihò kí a tó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Wáyà yẹn ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń fò. Sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ, eku á gbẹ́ ẹ lóru ọjọ́ kan náà. Àkísà àti fóòmù, ibùsùn ló fi ń ṣe. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó kan òrùlé kó jìnnà tó mítà kan ó kéré tán. Iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀. 10 nínú 10, kò sì sí ẹni tó ń polówó rẹ̀.

Pàkúté onísípíríìnì gba 8. Kì í ṣe ààrin yàrá là ń gbé e sí. Ara ògiri ni eku ń rìn, torí náà kí pàkúté dojú kọ ògiri, kí ibi tí ìjẹ wà sún mọ́ ọn. Fún èkúté kékeré, mítà 2 sí 3 láàrin ọ̀kan sí èkejì. Fún eku ńlá, mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjẹ kékeré ló dára, ẹja gbígbẹ tí a fi òwú so mọ́ ọn, tàbí ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ju orí ìka lọ. Eku ńlá ń fura sí ohun tuntun: ẹ gbé pàkúté kalẹ̀ pẹ̀lú ìjẹ láìdẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó jẹ ẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ tó dẹ gbogbo wọn lóru kan. Pàkúté márùn-ún tí wọ́n dẹ lálẹ́ ọjọ́ kan ń pa ju ọ̀kan tí wọ́n ń dẹ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lálẹ́ ni kí wọ́n dẹ ẹ́, kí wọ́n kó o láàárọ̀ kí ọmọ kankan tó dé.

Gọ́ọ̀mù eku la fún ní 3. Ó ń mú ọmọńlé àti aláńgbá tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Eku tó há sórí rẹ̀ ń tọ̀, ó ń jà, ẹnì kan sì ní láti fọwọ́ gbé e láàyè. Ẹ rántí ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno: ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan ló ń gbé e. Òkú eku àti ìgbẹ́ rẹ̀, a kì í fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á fò wọ imú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po Hypo ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́wàá, ẹ dà á lé e lórí, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi pépà nù ún. Ọ̀rá méjì ni kí ẹ dì í sí kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá kíláàsì láàárọ̀ kọ́ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí.

Májèlé eku tó ní lébẹ́ẹ̀lì, bromadiolone tàbí brodifacoum, gba 5, bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a tì mọ́ inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ tí a kàn mọ́lẹ̀, níta ilé, lẹ́bàá ògiri. Nínú kíláàsì, òdo. Ọjọ́ mẹ́ta sí méje ló ń gbà kí eku tó jẹ ẹ́ tó kú, inú àjà ló sì sábà máa ń kú sí. Kíláàsì yẹn á rùn títí òkú rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ̀tù tàbí hóró inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ èròjà, ẹ má rà á láé.

Ìdun ní họ́sítẹ́ẹ̀lì

Níbí ni wọ́n ti ń fi oògùn ṣòfò jù, torí ọ̀pọ̀ ìdun ti mọ cypermethrin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lára, wọn kì í kú mọ́. Ooru ni kò tíì sí ìdun tó lè fara dà. Ní nǹkan bí 50°C, àti ìdun àti ẹyin rẹ̀ á kú. Oòrùn lásán kò tó bí a bá kàn tẹ́ fóòmù síta, nítorí ìdun á rìn sí ẹ̀yìn tí oòrùn kò dé. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa, ẹ tẹ́ ẹ sórí kankéré, ẹ yí i padà ní ọ̀sán. Ọjọ́ méjì tí oòrùn mú kò pọ̀ jù, torí ààrin fóòmù kì í tètè gbóná. Aṣọ ibùsùn lọ sínú omi gbígbóná. Béèdì onírin ni àṣírí wà: inú páìpù rẹ̀ tó ṣófo àti ojú bóòtù. Ẹ tú u, ẹ da omi híhó sí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì dí ẹnu páìpù. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ìsinmi dé, ẹ yẹ etí fóòmù àti ìsàlẹ̀ àpótí wọn wò kí ó tó wọ yàrá. Omi híhó, ọ̀rá dúdú àti tọ́ọ̀ṣì: 8 nínú 10. Ìfínoògùn họ́sítẹ́ẹ̀lì láìtú béèdì: 1.

Ẹ̀fọn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: omi tó bá dúró tó ọ̀sẹ̀ kan ń bí wọn, nítorí náà ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n da táyà, agolo àti gọ́tà nù, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì so ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ sòkòwéè. Kóìlì ẹ̀fọn tó ń jó mọ́jú nínú yàrá tí ọmọ ń sùn, èéfín àti ewu iná ni. Nẹ́ẹ̀tì ibùsùn dára jù ú lọ. Àdán inú àjà, ẹ dí ihò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde lálẹ́, kò gba oògùn. Ikán nìkan ni kò ṣeé bọ́ lọ́wọ́ oògùn, òun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀: kòtò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́bàá ìpìlẹ̀, nǹkan bí lítà 5 oògùn pípò fún mítà kan ní ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, jìnnà sí kànga.

Iṣẹ́ afínoògùn fúnra rẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ gba 2: ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, ẹ̀rọ ìfín lítà 16 tó ti oko dé, oògùn inú ike omi tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní àdàpọ̀ àwọn ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi fín oògùn koríko lánàá ní ìyókù rẹ̀ nínú. Wọ́n á fi ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí lébẹ́ẹ̀lì sọ po oògùn kó lè gbóná, wọ́n á fín orí tábìlì àti ààrin ilẹ̀, níbi tí aáyán kì í gbé, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀.

Èyí tó gba 8 kò gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tọ́ọ̀ṣì àti páálí gọ́ọ̀mù ló mú wá. Ó máa bi ìyá tó ń se oúnjẹ léèrè ibi tó ti ń rí wọn àti ìgbà tí wọ́n ń jáde. Ó máa fi ike tí a kò tíì ṣí hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC àti ìlà àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó bá ní: pupa ló léwu jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, kí ó tó kan àwọ̀ ewé. Bó bá di dandan kó fín, ojú ihò àti ìsàlẹ̀ ògiri ló máa fín, pẹ̀lú ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bo táǹkì omi, tí wọ́n sì ti kó abọ́ jáde. Ìgbà ìsinmi ló dára. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ ti lọ. Kí wọ́n ṣí fèrèsé ní Sátidé, kí wọ́n fi omi ọṣẹ nu tábìlì kí Ajé tó pé.

Òfin Healthy Schools Act ti California, tó jáde ní 2000, ní kí ilé-ìwé lẹ ìwé ìkìlọ̀ sójú ibi tí wọ́n fẹ́ fín ní wákàtí 24 ṣáájú, kó sì wà níbẹ̀ títí di wákàtí 72 lẹ́yìn rẹ̀. Pépà àti gọ́ọ̀mù kò wọ́n ní Iléṣà, ilé-ìwé kankan lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìdúró de òfin. Orúkọ èròjà, ibi tí wọ́n fín, ọjọ́ àti ẹni tó fín in, kí ó wà nínú ìwé kan ní ọ́fíìsì, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée lè béèrè fún un, kí wolé-wolé náà rí i bó bá dé.

Nínú àdéhùn, ẹ má san owó tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdajì lẹ́yìn iṣẹ́, ìdajì tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí páálí kejì sì ti fi ìyàtọ̀ hàn. Ike òfìfo ni ohun tó kẹ́yìn tí àdéhùn gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Kí wọ́n ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n da omi ìṣanra náà padà sínú ẹ̀rọ ìfín, kí wọ́n fi ìṣó lu ike náà káàkiri ara, kí wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú ẹrù wọn. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé sẹ́yìn ilé ìdáná, ẹnì kan á fi rọ epo pupa.